Yan Ọ̀kan, Jàre

Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré ti ìjọ wa, ẹni tó ń gba oyè ẹnjinníà kì í yan ẹ̀ka kan ṣoṣo: a kọ́ ẹ́ńjìnnì, a kọ́ iná, a tún po símẹ́ńtì. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Yan ọ̀kan, jàre!"

Mo wá sí Ìjàyè lọ́dọ̀ wọn fún ìsinmi, mo bá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ gbágùúdá tó ń já bẹ́líìtì lójoojúmọ́. Mẹkáníìkì mẹ́ta ti tú u tì. Mo da omi sílẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ṣàn sápá kan. Àṣé ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀rọ ló rì, tí ẹ̀rọ fi wọ́ tó ń já bẹ́líìtì! Mo da kọ́ńkéré tuntun, bẹ́líìtì ò já mọ́.

Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi gbé kẹ̀kẹ́ tó bàjẹ́ àti rédíò tó yadi wá. Wọ́n ní òrùlé àwọn náà ń jò.

Mo dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ẹ yan ọ̀kan."