Aṣọ Ìnujú Pupa Lórí Nọ́ńbà Ọkọ̀ Bàbá Mi

Yàrá àwọn olùkọ́ ni mo wà, ní àkókò ìsinmi, nígbà tí olùkọ́ ìṣirò na fóònù rẹ̀ sí mi bí ẹni tó ń na àwo oúnjẹ sí àlejò.

"Pròfẹ́, ẹ wo ọkọ̀ yìí. Wọ́n ń tà á ní Savalou. Ó mà jọ ti Bàbá o."

Mo wò ó. Ọkọ̀ aláwọ̀ eérú kan ló dúró lábẹ́ igi máńgòrò. Wọ́n ti fi aṣọ ìnujú pupa bo nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ẹni tó ni ín. Lókè aṣọ náà, lára gíláàsì ẹ̀yìn, lẹ́tà funfun tó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ mi tò lọ gbọọrọ: Ẹ RỌRA, MẸ́TÌRÌ Ń BỌ̀.

Mẹ́tìrì ni a ń pe olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, Pròfẹ́ sì ni ti ilé ìwé girama bíi tèmi. Láti Bantè dé Koko, Mẹ́tìrì kan ṣoṣo ló kọ ọ́ sára ọkọ̀, bàbá mi sì ni. Òun fúnra rẹ̀ ló di búrọ́ọ̀ṣì mú ní ọdún tó fẹ̀yìn tì, torí kò fọkàn tán ọwọ́ ìkọ̀wé ẹnikẹ́ni nínú ìlú.

"Ó jọ ọ́ lóòótọ́," ni mo wí.

"Àbí? Àwọn ọkọ̀ a máa jọra."

"Wọ́n a máa jọra gan-an."

Olùkọ́ ìṣirò gba fóònù rẹ̀, ó gbójú sókè, ó ń wo àjà. Ọmọlúàbí ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ni bàbá mi ti sọ fún wa pé ọkọ̀ wà lọ́dọ̀ mẹkaníkì ní Savalou. "Ẹ́ńjìnnì ni," ó wí, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀ bí ohùn dókítà tó fẹ́ ránṣẹ́ pe àwọn ẹbí. Bẹ́ẹ̀ gbogbo Bantè ti rí fọ́tò yẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí àgbà bá bò, a kì í ṣí i lójú rẹ̀ níbí. A tilẹ̀ máa ń bá a di etí aṣọ mú. Ní àràárọ̀, tí bàbá mi bá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ará àdúgbò a kọjá, wọn a kí i.

"Ẹ kú ìdúró de ọkọ̀ o, Mẹ́tìrì!"

"Ẹ kú ìnira mẹkaníkì o!"

"A dúpẹ́," bàbá mi a dáhùn. "Wọ́n ti rí ibi tó ń ṣe é."

Èdè wa ní ìkíni fún ẹni tó jókòó, ó ní fún ẹni tó dúró, ó ní fún ẹni tí òjò pa. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, ìlú wa fi ìkíni fún irọ́ kún un. Èmi tí yunifásítì fún ní ìwé ẹ̀rí pé mo lè ka ohun tí wọ́n kọ àti ohun tí wọn kò kọ, èmi náà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ń mi orí sí ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì.

Mo mọ ìdí tó fi ń ta ọkọ̀. Ní Gouka, ní ọ̀sán gangan, lójú ọ̀nà tó tọ́ bí ìlà tí a fi rúlà fà, ó gbá ewúrẹ́ kan. Ó ní ewúrẹ́ náà já bọ́ láti òkè. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo jókòó sí. Ewúrẹ́ náà ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí a ti yọ, ó ń jẹ èèpo iṣu rẹ̀ jẹ́jẹ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ ọ. Ó ń gbé ìwé mọ́ imú. Ní ọjọ́ Ìsinmi, tó bá ń ka ẹ̀kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò kà á, ó ti há a sórí láti ọjọ́ Jímọ̀. Ojú rẹ̀ ló ń fi aṣọ pupa bò, kì í ṣe nọ́ńbà. Ó gbà pé bí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á gba ìwé lọ́wọ́ òun, olùkọ́ tí wọ́n bá sì gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló kù lọ́wọ́ rẹ̀?

Mo lè fara da gbogbo ìyẹn. Ohun tí mi ò lè fara dà ni èyí tó sọ ní ọ̀sán ọjọ́ kan nídìí oúnjẹ:

"Bí mẹkaníkì yẹn ò bá ṣe tán kí oṣù yìí tó parí, mo máa lọ gbé ọkọ̀ mi bó ṣe wà. Mo máa wà á wálé fúnra mi."

Láti Savalou dé Bantè, ewúrẹ́ nìkan kọ́ ló ń sọdá títì. Àwọn ọmọ ilé ìwé náà ń sọdá. Ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ tà. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo wọ takisí lọ sí Savalou.

Ọ̀gá tó ń ta ọkọ̀ ti kọ "Ààrẹ àti Olùdarí Àgbà" sára pátákó kan, ó gbé e kọ́ igi máńgòrò. Òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò sí. Òun nìkan ló ń darí ara rẹ̀. Ó ní àga onítáyà bíi ti ọ́fíìsì, àmọ́ iyanrìn ti gbé àwọn táyà náà mì, àga kò lè yí sí ibì kankan mọ́. Ó sọ èdè Mahi sí ọmọkùnrin kan tó ń fọ ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó sọ Faransé sí fóònù, ó wá sọ Yorùbá rédíò Nàìjíríà sí mi.

"Pròfẹ́, ẹ káàbọ̀! Ẹ jókòó. Kí lẹ fẹ́ rà?"

"Mo fẹ́ mọ ìdí tí ẹ fi bo nọ́ńbà yẹn."

"Há! Kọnfidansialitẹ́ ni." Ó sinmi lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbé ọ̀rọ̀ náà dé òpin. "Bí wọ́n ṣe ń pa àṣírí oníbàárà mọ́ ní Yúróòpù nìyẹn."

Mo wo yíká. Ọkọ̀ mẹ́fà ló wà níbẹ̀, ó fi aṣọ bo ẹ̀yìn gbogbo wọn níbi nọ́ńbà. Méjì nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti èbúté Kútọnu dé, wọn ò tíì gba nọ́ńbà rárá. Ó fi aṣọ bo ihò.

"Ìwọ̀nyí ńkọ́? Kí lẹ bò níbẹ̀?"

"Ibi tí nọ́ńbà máa wà."

Kí n má ṣe parọ́ mọ́ ọn, ó ní ìdí kan tó jẹ́ ìdí. Ó ní oníbàárà òun kan gbé fọ́tò ọkọ̀ rẹ̀ síta, wọ́n wo nọ́ńbà rẹ̀, wọ́n rọ irú rẹ̀ sára ọkọ̀ tí wọ́n jí, ọlọ́pàá sì wá bi í léèrè ohun tó ṣe ní ìlú tí kò dé rí. Mo gbà pé ó lè ṣẹlẹ̀. Àmọ́ ọkọ̀ bàbá mi ti gbé nọ́ńbà yẹn kiri láti ìgbà tí irun orí bàbá náà ṣì dúdú. Ó gbé e dúró níwájú ọjà Bantè, níwájú ọ́fíìsì kọmúùnù, níwájú gbogbo bárìà ọlọ́pàá. Olè tó bá fẹ́ ẹ kò nílò fọ́tò. Kó sáà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ títì, kó máa jẹ ẹ̀pà. A wá gbé ọkọ̀ kalẹ̀ fún títà, ọjọ́ kan ṣoṣo tí ẹni tó fẹ́ rà á nílò láti mọ̀ bóyá ọkọ̀ olè ni, ọjọ́ yẹn gan-an ni a fi aṣọ bo ojú rẹ̀! Mo kọ̀. Mo kọ̀ nígbà náà, mo ṣì kọ̀ báyìí. Ẹni tó ń rajà kọ́ ni aṣọ yẹn ń dáàbò bò. Olè ni, tàbí ìgbéraga wa.

Ibi tí mo ti ń sọ ọ́ dé nìyẹn tí obìnrin kan fi dá sí i lẹ́yìn mi.

"Ẹ bá mi sọ fún un! Ẹ̀ẹ̀kejì mi rèé níbí."

Oníṣòwò gàrí ni, ó ti dé Mẹ́kà, ohùn rẹ̀ sì jẹ́ kí Savalou mọ̀ pé ó ti dé ibẹ̀. Ọkọ̀ Mẹ́tìrì ló fẹ́, láti máa fi ná ọjà àwọn abúlé.

"Àlájà, mo ti sọ fún yín," ni Ààrẹ àti Olùdarí wí. "Ẹni tó ni ín kò fẹ́ kí a mọ òun."

"Kò fẹ́ kí a mọ òun, ó wá kọ Mẹ́tìrì sẹ́yìn ọkọ̀ bí orúkọ ilé ìwé? Mo mọ ẹni tó ni ín. Ó kọ́ mi ní Bantè. Nọ́ńbà ni mo fẹ́, kí àbúrò mi ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ lè bá mi wò ó. Mo ti ra alùpùpù báyìí rí. Ọlọ́pàá gbà á lábẹ́ mi lójú títì, wọ́n ní ti ẹlòmíràn ni, mo fẹsẹ̀ rìn wálé pẹ̀lú igbá gàrí lórí. Mi ò ra àgbò tí orí rẹ̀ wà nínú àpò mọ́, ì báà jẹ́ àgbò Mẹ́tìrì!"

Mo na ọwọ́ sí aṣọ pupa náà kí n já a. Ààrẹ fò dìde lórí àga, ṣùgbọ́n ọwọ́ Àlájà ló kọ́kọ́ bà mí.

"Fi sílẹ̀. Ọmọ ta ni ọ́?"

Mo sọ fún un. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó fi Ìṣà, ẹ̀ka èdè wa ní Bantè, bú mi bí ọmọ ilé:

"O wá mọ̀ pé bàbá rẹ ni, ìwọ tó kàwé jù wá lọ, o fẹ́ ṣí i lẹ́yìn rẹ̀? Ẹni tó bò ó ni yóò ṣí i. Jẹ́ ká lọ."

Nínú takisí ló ti sọ ohun tí èmi náà mọ̀ dáadáa fún mi, torí mo jókòó sí kíláàsì bàbá mi rí. Tí bàbá mi bá bi wá ní ìṣirò, a ó kọ ìdáhùn sára síléètì wa. Yóò fi igi gbá tábìlì lẹ́ẹ̀kan: ẹ kọ ọ́. Yóò gbá a lẹ́ẹ̀kejì: ẹ gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta, gbogbo síléètì gbọ́dọ̀ lọ sókè. Ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ kò tọ̀nà, bàbá mi kì í nà án. Ẹni tó bá fi apá bò ó ló ń nà.

"Mo jẹgba yẹn," ni Àlájà wí. "Mo jẹ ẹ́ títí mo fi kọ́gbọ́n."

Nígbà tí a dé Bantè, bàbá mi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àlájà kúnlẹ̀, ó kí i. Bàbá mi yí orí, kì í ṣe ojú, sí i.

"Ohùn yìí... Ìwọ kọ́ lo máa ń fi apá bo síléètì?"

"Èmi ni, Mẹ́tìrì."

"Kí lo ń tà?"

"Gàrí, Mẹ́tìrì. Mo sì wá ra ọkọ̀."

Bàbá mi wúkọ́ díẹ̀. "Ọkọ̀ wà lọ́dọ̀ mẹkaníkì. Ẹ́ńjìnnì..."

Àlájà kò jẹ́ kó parí rẹ̀. Ó dìde, ó mú ọ̀pá ìtìlẹ̀ bàbá mi tó fara ti ògiri, ó fi gbá bẹ́ǹṣì. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kan. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kejì. Láyé mi, mi ò rí ẹni tó gbá nǹkan níwájú bàbá mi rí. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kẹta.

"Mẹ́tìrì, ẹ gbé síléètì yín sókè."

Aládùúgbò kan ń kọjá lọ, ó ti la ẹnu láti kí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Ó pa ẹnu dé, ó sì yára.

Bàbá mi gbé ọwọ́ òsì sókè díẹ̀díẹ̀, ó yí àtẹ́lẹwọ́ sí wa, bí ẹni tó di síléètì mú.

"Ojú mi ò ríran mọ́," ó wí. "Ewúrẹ́ Gouka yẹn, mi ò rí i rárá. Ariwo rẹ̀ ni mo gbọ́."

"Ẹ ṣeun, Mẹ́tìrì," ni Àlájà wí. "Ẹ̀yin lẹ ní a kì í na ẹni tó bá gbé e sókè."

Ní ọjọ́ Ajé, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí Savalou. Bàbá mi fi ọwọ́ wá ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ títí ó fi kan aṣọ náà, ó sì ya á kúrò ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó nu nọ́ńbà, ó nu ojú ara rẹ̀, ó fi aṣọ náà lé Ààrẹ lọ́wọ́.

"Ya fọ́tò," ó wí. "Kí nọ́ńbà hàn, kí èmi náà hàn."

"Mẹ́tìrì, kọnfidansialitẹ́..."

"Ta ni mo sọ ọ̀rọ̀ àṣírí fún, tí o fi ń bá mi pa á mọ́? Yà á!"

Ó yà á. Ó gbé e síta. Nígbà tí a máa fi padà dé Bantè, àwọn ìkíni ti yí padà: "Ẹ kú ọjà títà o, Mẹ́tìrì! Ẹ kú ojú o!" Bàbá mi ń dá wọn lóhùn bí ẹni tó gba oyè. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ó fúnra rẹ̀ lọ sọ fún Fadá. Wọn ò gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló gbé e sílẹ̀. Ó ń dìde lọ́jọ́ Ìsinmi lọ́wọ́ òfo, ó ń sọ ẹ̀kọ́ náà láti inú orí, àwọn tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ sì rò pé ìgbéraga tuntun ni. Wọn ò jìnnà sí òtítọ́.

Nọ́ńbà náà kò ní àléébù, Àlájà sì ra ọkọ̀ náà. Ó béèrè bóyá kí òun ha lẹ́tà ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò. Bàbá mi ní ọkọ̀ rẹ̀ ni, kó ṣe bó ṣe fẹ́. Kò ha á.

Ní ọjọ́ ọjà, Àlájà máa ń gba iwájú ilé wa kọjá, gàrí kún ẹ̀yìn ọkọ̀, nọ́ńbà ń tàn yanran nínú oòrùn. Ó ń wà á jẹ́jẹ́, dáadáa. Síbẹ̀, bí ọkọ̀ Mẹ́tìrì bá ti yọ, àwọn ọlọ́kadà a ya sínú koríko, àwọn ìyá a fa ọmọ wọn mọ́ra. Bàbá mi a gbọ́ ariwo wọn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, a sì rẹ́rìn-ín.

"Ṣé o gbọ́?" a wí fún mi. "Wọ́n ṣì ń bẹ̀rù mi."