Kọ́là Sílíkì fún Ìyàwó Tuntun

Rárá o, Kimleang ò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín ò sí níbẹ̀. Èmi wà níbẹ̀, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ mi ló jókòó sí. Àbúrò mi ni, ìyá mi àti ìyá rẹ̀ jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà.

Ọdún mẹ́jọ ló fi ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ aṣọ kan ní Phnom Penh, olú-ìlú wa. Ìyá rẹ̀ ò lè ta ẹja kó má fi yangàn: "Ọmọ mi tó ń ránṣọ fáwọn òyìnbó!" Àfi bí wọ́n ṣe dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan tí wọ́n bá ṣéènì lẹ́nu géètì. Wọ́n ní àwọn ará Amẹ́ríkà ò rówó ilé wọn san mọ́, wọn ò sì ra aṣọ mọ́.

Bó ṣe gbé ẹní rẹ̀ wálé nìyẹn. Kò yéé bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ilé tí wọn ò rówó san, kí ló kàn án pẹ̀lú kọ́là tí mò ń rán?" Èmi tí mo kàwé dé girama, mo ní bóyá ẹni tí ò nílé kì í wọ kọ́là ni. Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà ò kúkú mọ̀.

Ìkòkò ẹja oníyọ̀ tí wọ́n fi ń jẹ ìrẹsì ti fẹ́ gbẹ tán nígbà tí Ìyá Vannak, ará abúlé wa, gbé aṣọ sílíkì aláwọ̀ wúrà kan dé. Òun fúnra rẹ̀ ló hun ún lábẹ́ ilé wọn kójú rẹ̀ tó di bàìbàì. Kò lè hun irú ẹ̀ mọ́.

"Télọ̀ ìlú ńlá, ọmọbìnrin mi ń lọ́kọ. Rán búláòsì fún un. Tó bá ti dáa, gbogbo abúlé á gbé tiwọn wá fún ẹ."

Kí Kimleang tó lanu, ìyá rẹ̀ ti gba aṣọ: "Èyí náà niṣẹ́? Ẹ ò ní pẹ́ gbà á!"

Nígbà tó ku àwa méjì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kọ́là nìkan ni mo máa ń rán."

"Fọ́dún mẹ́jọ?"

"Kọ́là ni. Ẹni tó wà lápá òsì mi ló ń rán apá, ti iwájú mi ń fi bọ́tìnnì sí i. Tí mo bá gbójú sókè, ọ̀gá á jágbe."

"Ó yá, lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún Ìyá Vannak."

"Bóyá ọwọ́ mi mọ ìyókù."

Ó wọn ìyàwó láti ọrùn dé ìdí, ó tún un wọ̀n. Ó la ẹnu sísọ́ọ̀sì, ó pa á dé. Nígbà tó yá, ó tú kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́rùn ara rẹ̀, ó fi wọn igun sílíkì yẹn, ó gé e. Ẹ̀rọ wá bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí òjò lórí páànù. Kọ́là yẹn, ẹ̀yin èèyàn! Ẹnu rẹ̀ méjèèjì mú ṣóńṣó, ẹ ò ní rí òwú kan tó yọ síta. Aṣọ tó kù wá nà gbalaja lórí ẹní.

Ìyá Vannak mú ìyàwó dé, ó fọwọ́ tọ́ kọ́là náà wò. "Kọ́là rèé. Ara rẹ̀ ńkọ́?"

Ìyá Kimleang ní, "Ó ku díẹ̀."

"Díẹ̀ bíi mélòó? Ṣé kọ́là lọmọ mi á wọ̀ jókòó níwájú àwọn àlùfáà?"

Ìyàwó fi kọ́là sọ́rùn, ó bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Vannak ò rẹ́rìn-ín. Ó ń wá ibi tí wọ́n ti gé aṣọ náà, ó ń fìka tọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ.

"Kimleang, ta wá ni télọ̀? Aṣọ òyìnbó yẹn, ta ló ń rán an?"

Kimleang bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka. "Ẹ má bínú, Ìyá. Sreymao ló ń rán apá, ó ti padà sódìkejì odò, mo lè lọ pè é. Ẹni tó ń fi bọ́tìnnì sí i wà ní Prey Veng. Ẹni tó ń gé e ni mi ò mọ̀. Yàrá mìíràn ló wà. Mi ò rójú rẹ̀ rí."