Òkúta Tí Iná Ń Rìn Lára Rẹ̀

Ẹ̀bi mi ni. Èmi ni mo sọ fún bàbá mi lórí fóònù pé ìwádìí nípa bí a ṣe ń darí iná láì fọwọ́ kàn án ni mò ń ṣe ní yunifásítì mi lókè òkun. Ó gbọ́ gbogbo àlàyé tó kù, àmọ́ èyí tó wù ú ló mú níbẹ̀.

Kí n tó dé Fìdítì, ó ti dìde nípàdé àwọn lánlọ́ọ̀dù àdúgbò wa, ó ti ṣèlérí pé ọmọ òun obìnrin ń bọ̀ wá jí tiransifọ́mà wọn tó ti kú. Àwọn aládùúrà ti da òróró sí i lára, kò mira. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá mi. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bọ́ sílẹ̀ rí láàrin wọn, ìyẹn nìkan ló sì kù tó fi ń ṣe fáàrí.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n mú mi lọ sídìí ẹ̀rọ náà. Wọ́n ti ro koríko ibẹ̀, wọ́n ti to àga. Alága àwọn lánlọ́ọ̀dù gbàdúrà gígùn, ó dúpẹ́ fún iná tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí. Ó wá kọjú sí mi.

"Bàbá ẹ ní o ò ní fọwọ́ kàn án. Dúró síbẹ̀ yẹn, kó o máa darí ẹ̀."

Mo ṣàlàyé pé òkúta dúdú kan tí kò tó èékánná ni mò ń lò. Iná kì í gba inú rẹ̀, ara rẹ̀ nìkan ló ń gbà. Tí mo bá fi iná díẹ̀ sí irin kan tó wà nítòsí rẹ̀ tí kò kàn án, èyí tó ń rìn lára òkúta á pọ̀ sí i tàbí kó dín kù.

"Ṣùgbọ́n tiransifọ́mà yìí, ẹ má bínú sà, mi ò lè tún un ṣe."

Ẹnì kan ti ṣe àmín kó tó yé e.

"Gbogbo ìwé yẹn, nítorí òkúta?" ni alága wí. Wọ́n gbé àga wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú tì mí, inú sì bí mi sí gbogbo wọn, títí kan bàbá mi, tó tẹjú mọ́ bàtà ara rẹ̀ bí ọmọ tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò.

Lókè orí wa, wáyà iná ńlá tó gba ìlú wa kọjá lọ sí Ìbàdàn láì yà sọ́dọ̀ wa ń kùn.

"Lára òkúta yẹn," ni bàbá mi wí nígbà tó ku àwa méjì, "iná ń rìn dáadáa?"

"Dáadáa ni, sà."

"Inú ẹ̀ wá ńkọ́?"

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, sà."

Ó gbójú sókè wo wáyà náà.

"Tó o bá padà, bá mi bi àwọn ọ̀gá yín: àwọn tó ń gbé inú ẹ̀, kí ni wọ́n ń ṣe fún wọn?"

Mo gbé àga rẹ̀. A gba abẹ́ wáyà náà lọ sílé.