Kápò Àbúrò Ọkọ Mi

Àbúrò ọkọ mi ló kọ́kọ́ gbé gìtá lé mi lọ́wọ́. Mo fi ọdún méje jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó ti wà nílé kí wọ́n tó gbé mi wọlé, nítorí náà n kò lè pè é ní ìwọ. Òun ló ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Òkè Baálẹ̀, ní Òṣogbo. Nígbà tí mo pé ọmọ ogójì ọdún, mo sọ fún un pé láti kékeré ló ti ń wù mí kí n mọ̀ ọ́n ta.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, máa bọ̀ ní Sátidé."

Oṣù méjì gbáko ni mo fi lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fa okùn gìtá mi kí ohùn rẹ̀ lè gún, á sì ní n kò gbọdọ̀ yí ohunkóhun níbẹ̀. Orí ìka mi lé ròrò, ó bó, títí n kò fi lè fọ abọ́. Síbẹ̀, bí igbe ewúrẹ́ ni ohun tí mo bá ta ń dún.

"Ìka rẹ ló le," ni ó máa ń wí. "Iṣẹ́ ìjọba ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀."

Mo gbà á gbọ́. Àfi bí mo ṣe ṣí wásáàpù ẹbí lọ́jọ́ kan tí mo rí ara mi: mo lanu, mò ń kọrin, gìtá ń ké. Ó ti ká mi sórí fóònù láìjẹ́ kí n mọ̀. Gbogbo ẹbí ń rẹ́rìn-ín. Ìyá ọkọ mi pàápàá fi ohùn ránṣẹ́ láti Ọ̀tan-Ilé: "Ẹ bá mi gba nǹkan yẹn lọ́wọ́ ìyàwó mi o."

Mo rò pé gìtá náà ló bàjẹ́. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan ní Iléṣà, àgbẹ̀ kòkó tó tún máa ń tún gìtá ṣe. Bàbá fi àtàǹpàkò gbá okùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó wò mí.

"Gìtá yìí ò ṣe nǹkan kan. Okùn méjì ni ẹnìkan mọ̀ọ́mọ̀ dẹ̀. Ta lẹ bá jà?"

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń fa okùn gìtá mi. N kò sọ fún ọkọ mi. Mo ní kí bàbá máa kọ́ mi, ọdún kan ó lé ni mo sì fi ń wọ mọ́tò láti Òṣogbo lọ sí Iléṣà ní gbogbo Sátidé. Bí ìka bá ń ro mí, ẹ̀rín àbúrò ọkọ mi ni mo máa ń rántí, n ó sì tún un tẹ̀.

Bí mo ṣe ń mọ̀ ọ́n sí i ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọwọ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ohùn kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n ta lórí gìtá. Kápò, irin kékeré tí wọ́n fi ń di ọrùn gìtá kí ohùn rẹ̀ lè ròkè láìjẹ́ pé ìka yí ipò padà, ló ń gbà á lọ́wọ́ ìtìjú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní ọdún, gbogbo wa péjọ sí ilé ìyá wọn ní Ọ̀tan-Ilé fún àdúrà. Nígbà tí àbúrò ọkọ mi lọ wẹ̀, mo yọ kápò náà nínú àpò gìtá rẹ̀, mo fi sínú pọ́ọ̀sì mi.

Ìyá dá orin. Àbúrò ọkọ mi tú àpò rẹ̀ yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́, kò rí kápò, ó ta gìtá síbí, ó ta á sọ́hùn-ún, kò bá ohùn ìyá mu. Àwọn ọmọ ń wo ara wọn. Mo wọ yàrá, mo gbé gìtá tèmi tí mo fi pamọ́ síbẹ̀ jáde, mo sì bá ìyá lọ láti ìlà kejì. Òógùn bo ojú àbúrò ọkọ mi.

"Ìyàwó mi, ta ló kọ́ ẹ?" ni ìyá béèrè.

"Àbúrò ọkọ mi ni, mà. Wọ́n mà gbìyànjú lórí mi o."

Àbúrò ọkọ mi wò mí. Ó mọ̀ pé èmi ni mo mú kápò. N kò ní purọ́, ó dùn ju oyin lọ.

Mo rò pé inú bàbá Iléṣà máa dùn bí mo bá ròyìn rẹ̀ fún un. Ó gbọ́ ọ tán, kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ lọ dá kápò yẹn padà. Ẹ má wá síbí mọ́ títí ẹ ó fi dá a padà."

Sátidé mẹ́ta ni mo fi jókòó sílé, tí mò ń fajú ro. Ní Sátidé kẹrin mo gbé kápò náà fún ọkọ mi kí ó dá a padà fún àbúrò rẹ̀.

"Kí ni kí n sọ fún un?"

"Ẹ má sọ nǹkan kan."

N kò tíì tọrọ àforíjì títí di òní.