Àlíù Ìbàdàn

Fáìlì kì í sá mọ́ Sàídátù lọ́wọ́. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi tọ́jú ìwé ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì sí Bódìjà. Bí ìwé kan bá sọnù, òun ni àwọn ọ̀gá ń ránṣẹ́ pè. Níjọ́ tó wá ní òun fẹ́ wá bàbá òun nínú ìwé àwọn ṣọ́jà, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

Ọdún 1967 ni Àlíù Àdìó wọṣẹ́ ṣọ́jà, tó fi ìyàwó sílẹ̀ pẹ̀lú oyún. Ogun abẹ́lé gbé e lọ, kò dá a padà. Lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ Sàídátù, Zùwáírátù, ìyá rẹ̀, lọ bá akọ̀wé lẹ́tà ní Dùgbẹ̀, ó ní kó bá òun sọ fún ọkọ òun pé obìnrin ni òun bí. Èsì kò dé. Ìyá ti lé lọ́gọ́rin ọdún báyìí, ìbéèrè kan ṣoṣo ló sì ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: ṣé ọkọ òun gbọ́ kó tó kú?

Ọ̀sẹ̀ méjì ni Sàídátù fi jókòó sí ilé ìkówèépamọ́, kò rí Àlíù Àdìó kankan.

“Mà, ó dà bíi pé fáìlì yẹn ti jóná,” ni Theophilus, òṣìṣẹ́ ibẹ̀, wí.

“Jóná kẹ̀? A ò tíì wá a dáadáa ni.”

Ilé ló dé kó tó bú ara rẹ̀. Ṣebí láyé ìgbà yẹn, bí ọmọ Ìbàdàn bá wọṣẹ́ ṣọ́jà, orúkọ ìlú ni wọ́n sábà máa ń kọ mọ́ orúkọ rẹ̀! Odidi òun, àgbà akọ̀wé, ló wá ń fi orúkọ ilé wá ṣọ́jà.

Àlíù Ìbàdàn mẹ́sàn-án ló jáde. Ìyàwó ẹni keje ń jẹ́ Zùwáírátù. Nítòsí Àsàbà ló kú sí, lóṣù kọkànlá ọdún 1968. Lábẹ́ orúkọ ìyàwó, ẹnì kan ti fi yíǹkì mìíràn kọ ọ́ kún un pé: Sàídátù, ọmọbìnrin. Àlíù tẹ̀ka síbẹ̀, ó ku oṣù mẹ́ta kó kú. Sàídátù sunkún níwájú Theophilus, kò tiẹ̀ tijú.

Kò yà sílé kó tó kọrí sí Àpáta. Ó ka ìwé náà fún ìyá rẹ̀. Ìyá ní kó tún un kà. Ó tún un kà.

“Alhamdulillah,” ni Zùwáírátù wí. “Bàbá Sàídátù gbọ́.”

Láti ọjọ́ tí Sàídátù ti dáyé, “ọkọ mi” ni ìyá rẹ̀ ń pe ọkùnrin náà. Kò pè é ní Bàbá Sàídátù rí.