Ẹpìyà Òkè Àpáta

“Má tíì ha ìpẹ́ ẹ̀ o!”

Ọ̀bẹ mi ò tíì kan ẹja náà tí igbe yẹn fi dún láti ẹ̀yìn ọgbà. Mo mí kanlẹ̀. Ebi ń pa mí, epo ti gbóná lórí iná, àmọ́ màmá àgbàlagbà tó ń gbé ilé kejì sí tiwa ti ń bọ̀, rúlà lọ́wọ́ kan, ìwé lọ́wọ́ kejì. Báyọ́lọ́jì ni wọ́n fi kọ́ni kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì sí abúlé wa nítòsí Akanran. Kò sí ẹja odò wa tó máa dé inú ìkòkò wa tí wọn ò ní kọ́kọ́ wọ̀n. Wọ́n á la inú ẹ̀, wọ́n á máa tú ohun tó jẹ wò bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Òórùn sípírítì inú ìgò tí wọ́n ń tọ́jú ẹja sí a sì máa bo òórùn ata wa mọ́lẹ̀.

“Màmá, ẹja ṣáà lẹja,” ni mo wí.

“Ta ló sọ fún ẹ?” Wọ́n gbé ẹpìyà méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. “Wo ẹnu eléyìí tó wá láti òkè àpáta tí odò wa ti ń já wálẹ̀, bó ṣe rí ṣóńṣó. Pàlàpálá òkúta ló ti ń jẹun. Ti ìsàlẹ̀ yìí, inú ẹrẹ̀ ni. Ìran kan náà ni wọ́n tẹ́lẹ̀ o. Àpáta ló pín wọn níyà, ibi tí kálukú ti ń jẹun ló wá ń tún wọn mọ díẹ̀díẹ̀. Ti òkè yẹn, mi ò rí irú ẹ̀ níbòmíràn rí.”

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà, àwọn kan da oògùn tí wọ́n fi ń fín kòkó sínú ibú òkè àpáta. Ẹja léfòó bí ewé. Gbogbo abúlé gbé agbọ̀n lọ, ìyá mi náà kó tiwa. Ọbẹ̀ ti ń ta sánsán nígbà tí màmá já wọlé láìkágò, tí wọ́n da ìkòkò náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

“Ẹ̀yin màmá! Oúnjẹ àwọn ọmọ mi lẹ dànù yẹn!”

“Májèlé ni! Ṣé ẹ ò létí ni, gbogbo yín? Ẹ̀ẹ̀melòó ni kí n sọ ọ́?”

Màmá bá ti ibẹ̀ jáde. Ìyá mi pòṣé títí. Ajá mi lá ọbẹ̀ náà. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti ń gbọ̀n, ẹnu ẹ̀ ń hó. Ó sì kú. Ìyá mi da ìyókù ẹja nù, wọ́n mú mi lọ́wọ́, wọ́n lọ kúnlẹ̀ níwájú màmá. Ẹnu ọ̀nà ni màmá jókòó sí, aṣọ wọn tutù látinú odò.

“Wọ́n ti tán,” ni wọ́n ń wí. “Ti ìsàlẹ̀ ò lè gun àpáta. Wọ́n ti tán pátápátá.”

Omijé ń bọ́ lójú wọn, inú sì bí mi. Ajá mi kú, ẹja ni wọ́n ń sunkún lé lórí!

Ó tó ọdún púpọ̀ kó tó yé mi. Ẹja odò ni mo ń kọ́ nípa ẹ̀ ní yunifásítì báyìí. Mo ti gun òkè débi ibú yẹn láìmọye ìgbà: ọ̀pọ̀lọ́ wà níbẹ̀, akàn wà, ẹja kan ò sí. Bí àgbẹ̀ kan bá sì sọ fún mi pé, “Ẹ fi sílẹ̀, òmíràn á wá,” orí mi á gbóná.

Àwọn èèyàn rò pé ìmọ̀ ni mo jogún lọ́dọ̀ màmá. Ìbínú wọn ni mo jogún. Òun ló ń gbé mi lọ sí abúlé tí wọn ò ti fẹ́ rí mi sójú, tí mo fi ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ: ẹ má da oògùn sódò.