Odó Kékeré Méjì Lórí Tábìlì

Ọjọ́ tí ọkọ mi mú mi lọ jẹun nílé oúnjẹ àwọn ará Japan ní Oxon Hill kò lè kúrò lọ́kàn mi. Ẹnu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ti lọ, ẹsẹ̀ ń ro mí. Ó ní kí n wá sinmi.

Kí adìẹ díndín wa tó dé, wọ́n gbé odó kékeré kọ̀ọ̀kan síwájú wa, yànmọ̀tí wà nínú rẹ̀, kí oníkálukú lọ tirẹ̀ sínú ọbẹ̀. Ọkọ mi ti tirẹ̀ sọ́dọ̀ mi.

"Ìyá Àmínà, bá mi lọ̀ ọ́."

Inú bí mi gan-an. Mo ti odó rẹ̀ padà sí i.

"Bàbá Àmínà, ṣé ìsinmi tí ẹ pè mí wá sí nìyí?"

Mo lọ tèmi kúná. Ó jẹ tirẹ̀ láìlọ yànmọ̀tí kankan sí i. Nígbà tí a délé, ó ní oúnjẹ wọn kò dùn.

Tèmi dùn.